Abúlé Tó Pa Ẹnu Mọ́

   Ọ̀rọ̀ ogun ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀gágun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọni tó pa ọgọ́rùn-ún ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni. Ogun bá wọn lábúlé wọn, ọ̀tá gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì rí ọmọ ọlọ́mọ tí ikú ń dọdẹ rẹ̀. Wọn kò mọ bàbá rẹ̀, wọn kò mọ ìyá rẹ̀, wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n gbé e pamọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Kí ni ó fẹ́ ná wọn? Gbèsè wo ni a sì jẹ wọ́n? Ohun tí a óò jọ yẹ̀wò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú wa mọ̀. Ní Ìyànà Ìbà, níbi tí ọ̀nà Ìbà ti yà kúrò lára ọ̀nà ńlá tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, kò sí irú ènìyàn tí ẹ kò ní rí. Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn Ẹ̀gùn wà níbẹ̀. Ìgbò, Hausa, Ìlàjẹ, ará Tógò àti ará Gánà, gbogbo wọn ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀, sójà bárékè Ọ̀jọ́ náà ń wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ìhà Àpápá, ẹ lè dé ibi tí wọ́n ń pè ní Bárékè Arakan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ yìí lójoojúmọ́ láìbi ara wọn léèrè pé, èdè wo ni Arakan?

Kì í ṣe èdè Yorùbá, kì í ṣe Hausa, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ilẹ̀ kan ni ní orílẹ̀-èdè Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lóde òní, lápá ìlà-oòrùn Íńdíà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti lọ jagun. Bárékè Dodan ní Èkó àti Bárékè Letmauk ní Ìbàdàn, láti Bọ́mà kan náà ni orúkọ wọn ti wá. Dífíṣọ̀n 81 ti àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó, nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí wọ́n kó lọ sí Arakan ní ọdún 1943 ló ń jẹ́. Nítorí náà, orúkọ ibi ogun kò wọ́n lẹ́nu wa. Orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó gba ọmọ wa là níbẹ̀ ni ẹ kò ní rí lára ògiri bárékè kankan.

Ogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939. Ní oṣù kejìlá ọdún 1941, Jàpáánì kọlu àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Amẹ́ríkà, nígbà tí ọdún 1942 sì fi dé ìdajì, ó ti lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Bọ́mà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá bẹ̀rẹ̀ sí kó ọmọ-ogun jọ láti gbà á padà. Wọ́n kó wọn ní Íńdíà, wọ́n sì kó wọn ní Nàìjíríà, ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, ní Sierra Leone àti ní Gambia. Ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ kúrò ní etíkun wa lọ sí Íńdíà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì rí ìlú kejì sí tiwọn rí kí ogun tó dé.

Àfonífojì odò Kaladan, ní Arakan, ni wọ́n rán Dífíṣọ̀n 81 lọ. Òkè lókè ni ibẹ̀, igbó rẹ̀ ki, kò sì sí ọ̀nà ọkọ̀. Ọwọ́ ni àwọn ọmọ-ogun wa fi la ọ̀nà fún mọ́tò kéékèèké, nǹkan bí máìlì 75, láti òkè dé òkè. Ibi tí mọ́tò kò lè dé, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ru ẹrù ọjà. Oúnjẹ wọn àti ọta ìbọn wọn, láti ojú ọ̀run ni ọkọ̀ òfuurufú ti ń jù ú sílẹ̀ fún wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá ṣáko kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó yẹn, ebi àti ọ̀tá ló kù fún un.

Nínú àwọn tó lọ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Isaac Fádóyèbọ̀. Ọmọ Èmùré-Ilé ni, nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Wọ́n bí i ní oṣù kejìlá ọdún 1925. Ó ti ka ìwé mẹ́fà, ojú rẹ̀ sì ti là sí ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 16, ó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta láìgba àṣẹ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo ẹgbẹ́ yín tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ni Isaac wà nígbà tó fi ilé sílẹ̀.

Wọn kò fi ṣe ayìnbọn. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì wà lára ilé-ìwòsàn alárìnká kan tó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ-ogun kiri láti tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Àwọn òyìnbó bíi mélòó kan wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Sierra Leone náà sì wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1944, wọ́n ń fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí a fi ọparun dì sọ̀kalẹ̀ lójú odò Kaladan. Wọ́n gúnlẹ̀ sí etí odò. Àwọn ọmọ-ogun Jàpáánì ti lúgọ dè wọ́n nínú igbó. Kí ojú tó mọ́ kedere sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ bí òjò.

Ọ̀gá wọn, Mejò Murphy, kú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ Isaac kú níbẹ̀. Ọta ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún Isaac, òmíràn sì bà á lápá ikùn. Àwọn ará Jàpáánì jáde wá, wọ́n mú òyìnbó dókítà kan tó ṣì lè rìn, wọ́n sì mú un lọ. Isaac kò lè dìde. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé kò sí ibi tó lè lọ, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ikú. Ọmọ ọdún 18 ni. Ilé jìnnà sí i ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì.

Kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀mí kù sí lára. Àwọn bíi mélòó kan tó fara gbọgbẹ́ wà nínú igbó yẹn, wọ́n sì ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn, ó ku Isaac àti sájẹ́ńtì kan, David Kagbo, ọmọ Sierra Leone. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: ọmọ Èmùré-Ilé àti ọmọ Sierra Leone, tí ìbá má mọ ara wọn láéláé bí kò bá sí ogun, di ọmọ ìyá kan náà lábẹ́ igi kan ní Bọ́mà.

Ìgbà yẹn ni àwọn ará abúlé rí wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n, lára àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní Rohingya lóde òní. Ẹ rò ó wò bí ẹ bá jẹ́ wọn. Ẹ ti ibi iṣẹ́ oko ń bọ̀, ẹ bá ọkùnrin dúdú méjì nínú igbó, irú èyí tí ẹ kò rí rí, ọ̀kan kò lè rìn, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ń rùn. Ẹ kò gbọ́ èdè wọn. Àwọn ọmọ-ogun tó ń wá irú wọn ló ń jọba lórí odò yín àti lórí oko yín. Bí ẹ bá lọ sọ fún wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba ẹ̀bùn. Bí ẹ bá dákẹ́ tí wọ́n sì wá mọ̀, ẹ̀mí yín ni yóò lọ sí i. Bí ẹ bá kàn kọjá lọ jẹ́jẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi yín, igbó ni yóò parí iṣẹ́ náà.

Wọn kò kọjá lọ. Wọ́n gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn. Wọ́n lọ, wọ́n tún padà wá. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman. Òun ló mú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí lékè. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jìyà nínú igbó pẹ́, ó kó wọn lọ sínú ilé ara rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ wà, níbi tí ó ń sùn, ó sì fi wọ́n pamọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun wa ti fi àfonífojì náà sílẹ̀ nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí wọn yóò padà. Shuyiman kò mọ̀ bóyá oṣù kan ni tàbí ọdún mẹ́ta. Ó gbà wọ́n wọlé láìmọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí ná, kí n tó sọ bó ṣe parí. Ẹ má rò pé ohun tí mo ń sọ yìí jẹ́ ti Bọ́mà nìkan. Ní àkókò kan náà, ní òdìkejì ayé, àwọn àgbẹ̀ mìíràn ń ṣe irú rẹ̀, kì í sì í ṣe fún ọmọ-ogun bí kò ṣe fún ọmọdé. Bí a bá gbé ìtàn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a óò lóye ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa.

Hitler, olórí Jámánì, ti pinnu láti pa gbogbo Júù tó wà ní Yúróòpù rẹ́. Kí ogun tó parí, wọ́n ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 nínú wọn, àwọn ọmọdé nínú wọn sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, Jámánì ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé. Apá kan orílẹ̀-èdè náà bọ́ sábẹ́ àwọn ọmọ-ogun Jámánì. Apá kejì bọ́ sábẹ́ ìjọba Faransé kan tó ń bá Jámánì ṣe. Ní oṣù keje ọdún 1942, àwọn ọlọ́pàá Faransé fúnra wọn kó Júù tó lé ní 13,000 ní Paris láàárín ọjọ́ méjì, ó sì lé ní 4,000 ọmọdé tó wà nínú wọn. Ẹ fetí sí i dáadáa: kì í ṣe àlejò ló kó wọn, ọlọ́pàá ìlú wọn ni.

Lórí òkè kan ní àárín gúúsù Faransé, níbi tí òtútù ti máa ń mú gan-an, ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Le Chambon-sur-Lignon. Púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Pùrótẹ́sítáǹtì nínú orílẹ̀-èdè tí Kátólíìkì pọ̀ jù lọ. Láti ọdún 1685, nígbà tí ọba Louis kẹrìnlá fi òfin de ẹ̀sìn wọn, ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọ wọn bí a ṣe ṣe inúnibíni sí àwọn baba ńlá wọn, bí wọ́n ṣe ń jọ́sìn ní ìkọ̀kọ̀ nínú igbó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti sá pamọ́ rí kì í pẹ́ kó tó mọ ojú ẹni tó ń sá. Àlùfáà wọn, André Trocmé, àti ẹnìkejì rẹ̀, Édouard Theis, ti sọ fún ìjọ ní ọjọ́ kejì tí Faransé túúbá pé ọ̀ranyàn ni kí Kristẹni má gbà fún ìwà ipá, kí wọ́n sì lo ohun ìjà ti ẹ̀mí.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọ Júù kí wọ́n lè yọ wọ́n kúrò ní àgọ́ tí ìjọba há wọn mọ́, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn wá sí orí òkè yẹn. Wọ́n ṣí ilé fún àwọn ọmọ náà láàárín ìlú. Àwọn mìíràn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ lóko. Wọ́n fi wọ́n sí ilé-ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin Júù kan, Oscar Rosowsky, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ń ṣe ìwé ìdánimọ̀ ayédèrú fún wọn, tí orúkọ Júù fi ń di orúkọ Faransé. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbé bọ́ọ̀sì wá ní oṣù kẹjọ ọdún 1942 láti kó àwọn Júù, wọ́n ní kí àlùfáà kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ó kọ̀. Àwọn ọmọ náà ti wà nínú igbó àti nínú oko. Àwọn ọlọ́pàá wá kiri fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bọ́ọ̀sì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà tí wọ́n ń lọ.

Ẹ má rò pé kò ná wọn ní nǹkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 1943, àwọn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Jámánì wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀. Olùkọ́ tó ń tọ́jú wọn, Daniel Trocmé, ẹbí àlùfáà náà, kò fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n mú òun náà, ó sì kú sí àgọ́ ikú Majdanek ní ilẹ̀ Pólándì ní ọdún 1944. Wọ́n pa dókítà ìlú náà, Roger Le Forestier, ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà. Síbẹ̀ wọn kò dẹ́kun. Iye tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìlú náà àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀ fi nǹkan bí 5,000 ènìyàn pamọ́, tí àwọn Júù inú wọn tó 3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1990, ilé ìrántí Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù bu ọlá fún wọn. Kì í ṣe ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni wọ́n bu ọlá fún. Gbogbo ìlú náà lápapọ̀ ni.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Bí a bá ń sọ ìtàn báyìí, a máa ń wá akọni kan gbé sókè: a ní Shuyiman, a ní Trocmé. Ó tọ́ kí a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní abúlé, kò sí ohun tó ń jẹ́ àṣírí ilé kan. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí agbo ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin kan bá ra ìrẹsì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, aládùúgbò rẹ̀ yóò mọ̀. Bí ìkòkò bá pẹ́ lórí iná, wọn yóò mọ̀. Bí ajá bá ń gbó lóru, wọn yóò mọ̀. Ọmọdé yóò rí ẹsẹ̀ àlejò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò sì fẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará abúlé Shuyiman mọ̀. Àwọn kan nínú wọn ló kọ́kọ́ gbé omi lọ sínú igbó. Ẹni tí kò gbé oúnjẹ wá rárá, tó kàn rí i tó sì dákẹ́, òun náà ṣe nínú iṣẹ́ yẹn. Fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, ẹnu kan ṣoṣo ì bá ti tó láti pa gbogbo wọn.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. A sábà máa ń lò ó fún aláròká. Lóde ogun, ó ju ọ̀rọ̀ aláròká lọ. Ìbọn kò sí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, owó kò sí, ọkọ̀ òfuurufú kò sí. Ohun ìjà kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni kí gbogbo wọn pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì pa á mọ́ pẹ́. Ohun ìjà yẹn kò ṣeé rà, ẹnì kan kò sì lè dá a lò. Àfi kí aládùúgbò fọkàn tán aládùúgbò kí ogun tó dé. Ibi tí ìlara àti ẹ̀sùn bá ti gba ìlú kan, àlejò tó bá sá wọ ibẹ̀ ti kú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Isaac. Nígbà tí òjò ọdún náà dá, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì Kaladan. Ní oṣù kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Gurkha, ará Nepal tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, dé abúlé náà. Wọ́n bá ọmọ Áfíríkà méjì láàyè níbi tí kò sí ẹni tó retí wọn. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn. Báyìí ni Isaac àti Shuyiman ṣe pínyà. Kò sí àkókò fún ìdágbére gígùn, kò sí àdírẹ́sì tí a lè kọ lẹ́tà sí, ogun kò sì tíì parí.

Isaac padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1945. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ó ń tiro títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba, ó ṣe é títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì bímọ. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré kan ní ọdún 1999. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò gbàgbé ọkùnrin abúlé náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀nà tí yóò fi dúpẹ́ ni Isaac kò rí.

Ọdún 2011 ni ọ̀nà là. Oníròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gbọ́ ìtàn náà, ó gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ Isaac, ó sì gbé e lọ sí Bọ́mà. Ó wá abúlé náà rí. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n ó bá ọmọbìnrin rẹ̀ láàyè, ó sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán an: pé ọkùnrin tí bàbá wọn fi pamọ́ ṣì wà láyé, pé ó ti di bàbá àgbà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, pé ó ń dúpẹ́. Ó ti di ọdún 67 tí wọ́n ti pínyà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 2012, Isaac Fádóyèbọ̀ kú, ó sì fi gbèsè tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sílẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Ìbá wù mí kí n parí ọ̀rọ̀ mi síbẹ̀, nítorí ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í dúró síbi tó bá wu asọ̀tàn. Àwọn ènìyàn Shuyiman, àwọn Rohingya, bọ́ sínú ìyà ní ilẹ̀ wọn. Òfin kan tí ìjọba Bọ́mà ṣe ní ọdún 1982 sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn di ẹni tí kò ní ìlú, bí ẹni pé àlejò ni wọ́n níbi tí wọ́n bí bàbá wọn sí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn ọmọ-ogun lé wọn, wọ́n sun abúlé wọn, ó sì lé ní 700,000 tó sá lọ sí Bangladesh, tí àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Lára àwọn tí wọ́n fi ọmọ wa pamọ́ ní ọdún 1944 ni àwọn tí wọ́n ń wá ibi ìsápamọ́ ní ọdún 2017 ti ṣẹ̀.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé kò sí ìdílé kan tí a yàn láti máa jẹ́ olùgbàlejò láéláé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí a yàn láti máa jẹ́ àlejò. Ayé ń yí. Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn lónìí lè máa kanlẹ̀kùn lọ́la. Nítorí náà, bí a bá bi wá pé èé ṣe tí a fi ní láti bìkítà nípa ọmọ Rohingya tó wà nínú àgọ́, a kò ní láti wá ìdáhùn jìnnà. A jẹ wọ́n ní gbèsè. Ọmọ Yorùbá kan jẹ oúnjẹ wọn fún oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí oúnjẹ náà kò tó àwọn fúnra wọn.

Ó sì tún kan ilé wa níhìn-ín. Ní Ìyànà Ìbà, ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà, ní Okokomáíkò, àgbo ilé kan lè ní ènìyàn láti ìlú mẹ́fà. Ọjọ́ tí ilẹ̀ tutù, kò sí ẹni tó ń ka ìlà ojú ẹnì kejì. Ọjọ́ tí rògbòdìyàn bá dé, tí àwọn kan bá ń bèèrè pé, "Ta ni nínú yín tí kì í ṣe ọmọ ibí?", ọjọ́ yẹn ni a óò mọ irú abúlé tí a jẹ́. Ìdáhùn tí àlùfáà orí òkè yẹn fún àwọn ọlọ́pàá wà fún wa láti lò: kí a má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni fún apànìyàn. Ṣùgbọ́n a kì í kọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn. Lójoojúmọ́ ni à ń kọ́ ọ, nínú bí a ṣe ń kí aládùúgbò, nínú bí a ṣe ń kọ̀ láti gbé ẹ̀sùn èké kiri, nínú bí a ṣe ń pe ọmọ àlejò jẹun pẹ̀lú ọmọ tiwa.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kékeré kan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ ayé, kí ẹ wá Bọ́mà, kí ẹ wá odò Kaladan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Faransé. Kí ẹ fi òwú kan wọn láti Èkó dé ibi méjèèjì, kí ẹ lè mọ bí ó ti jìnnà tó. Kí ẹ tó dìde, kí ẹ bi àgbàlagbà kan nílé yín pé: "Ta ni ó gbà yín sílé rí nígbà tí ẹ kò ní ibi tí ẹ ó lọ?" Ẹ óò gbọ́ ìtàn. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, kí ó má baà sọnù, nítorí orúkọ Shuyiman fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.